Ẹja inú gíláàsì: Ẹ bèèrè bó ṣe máa tóbi tó kí ẹ tó sanwó

Lóṣù Keje ọdún 2021, àwọn aláṣẹ ìlú Burnsville ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Amẹ́ríkà, bẹ àwọn aráàlú pé kí wọ́n yé da goldfish tí wọ́n ń sìn nílé sínú adágún omi. Ẹja tí wọ́n rà ní kékeré ti di ràbàtà níbẹ̀, wọ́n sì ń ba omi jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti Èkó dé Cotonou títí dé Accra, ẹja inú gíláàsì ti di ọ̀ṣọ́ ilé, òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ohun tó burú ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ẹja láì mọ bó ṣe máa tóbi tó.

Ẹ wo èyí tí àwọn òǹtajà ń pè ní shark. Kì í ṣe shark rárá, ìbátan ẹja àrọ̀ ni, odò Mekong ní Éṣíà sì wà lára ibi tó ti wá. Kò ju ìka ọwọ́ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà á, àmọ́ ó lè gùn ju mítà kan lọ, kó sì wọ̀n tó 40 kílò. Bẹ́ẹ̀ náà ni redtail catfish láti odò Amazon. Ẹja tiwa náà ò gbẹ́yìn: aba aba inú odò Ọya, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin ẹja lókè òkun, lè gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí gíláàsì bá ṣe tó ni ẹja yóò ṣe tóbi mọ. Irọ́ ni. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja náà ló ń sọ omi di májèlé fún un. Ara rẹ̀ á bàjẹ́, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè wọ́, á sì kú láìtọ́jọ́. Tí iná bá tún lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dáké, ẹja ńlá nínú gíláàsì tó há lè má rí ilẹ̀ mọ́.

Ibi tó ti wá kan gbogbo wa ni ìgbà tí olówó rẹ̀ bá gbé e lọ dà sódò. Pleco, ẹja Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń rà kó lè máa jẹ èérí ara gíláàsì, ti gbilẹ̀ ní Florida, Texas àti Mẹ́síkò, ó ń gbẹ́ ihò sí etí odò. Ní Yúróòpù, òtútù ló ń bá wọn pa ọ̀pọ̀ ẹja ilẹ̀ olóoru tí wọ́n bá dà sódò. Kò sí òtútù tó máa bá wa pa á nínú ọ̀sà Èkó.

Ẹlòmíì á ní ṣebí ẹja ni, ká fi se ọbẹ̀. Àmọ́ oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja ọ̀ṣọ́ kì í ṣe ti ẹja jíjẹ.

Èrò wa ni pé ọ̀dọ̀ òǹtajà ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Kó kọ bí ẹja kọ̀ọ̀kan ṣe máa gùn tó tó bá dàgbà sára gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó rẹ̀. Kí ìjọba orílẹ̀èdè kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di òfin. Èyí ò ní ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́, torí ẹja bíi guppy àti neon tetra, tí kì í ju ìka lọ títí ọjọ́ ayé wọn, wà nílẹ̀.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ti tóbi jù, kó dá a padà fún òǹtajà, tàbí kó fún ẹni tó ní kòtò ẹja tó fẹ̀. Kó má gbé e lọ sódò.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.