Ilẹ̀kùn Tí Ó Ní Ojú Tí Kò Ní Etí



Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni a fẹ́ sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tí ó bá di ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ mú ni ó di oúnjẹ wa mú.

Ilẹ̀kùn tí ń ṣí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1954 ni ọkùnrin méjì, Dee Horton àti Lew Hewitt, ronú kan irú èyí tí ń yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìlú Corpus Christi, ní Texas ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ẹ̀fúùfù ìlú náà ń da ilẹ̀kùn wọn láàmú. Ẹní kan ni wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti tẹ ẹní náà, ilẹ̀kùn yóò ṣí. Èyí tí ń fi ìtànṣán mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀ náà wà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ. Bí mánéjà bá dé, ó ṣí. Bí agbálẹ̀ bá dé, ó ṣí. Ìránṣẹ́ gbogbo wa ni.

Èyí tí wọ́n ń gbé wá nísinsìnyí yàtọ̀. Wọ́n fi kámẹ́rà sí i lórí, wọ́n so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwòrán rẹpẹtẹ ni wọ́n ti fi han kọ̀ǹpútà náà títí ó fi kọ́ bí a ṣe ń fi ojú kan wé òmíràn. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, yóò fi ojú rẹ wé èyí tí wọ́n ti yà sílẹ̀, yóò sì fún ọ ní máàkì. Bí máàkì náà bá tó iye tí wọ́n là sílẹ̀, ilẹ̀kùn yóò ṣí. Bí kò bá tó, o di àjèjì ní ẹnu ibi iṣẹ́ rẹ. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ mọ̀ ọ́. Ó ń fojú díwọ̀n ni. Ta ni ó sì la iye máàkì sílẹ̀? Kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ fùláwà, a kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ó jáde lọ jẹun lóru. Nígbà tí ó padà dé, fùláwà ti bò ó lójú, ilẹ̀kùn kọ̀ ọ́. Ó nu ojú, ó ṣí fìlà, ó tún dúró, ilẹ̀kùn kọ̀. Mẹ́gáàdì tí ó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án wà níbẹ̀ tí ó ń wò ó, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mẹ́gáàdì. Ogójì ìṣẹ́jú ni arákùnrin yìí fi dúró síta. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n yọ owó wákàtí kan nínú owó rẹ̀. Ó lọ fi ẹjọ́ sùn, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í purọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣìnà. Ènìyàn ni ó sì yọ owó, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ní 2018, àwọn obìnrin onímọ̀ méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, tẹ ìwádìí jáde lórí ẹ̀rọ mẹ́ta ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, tí ń wo ojú láti sọ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn kò pé ẹyọ kan nínú 100. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, àṣìṣe ọ̀kan nínú wọn ju 34 lọ nínú 100. Ẹni tí wọn kò fi han ẹ̀rọ tó, ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má ṣe sọ pé kò kàn yín. Ilẹ̀kùn iṣẹ́ tiyín ti wà nínú fóònù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aláwọ̀ dúdú kan tí ń gbé oúnjẹ kiri fún Uber Eats pàdánù iṣẹ́ ní 2021 nítorí pé ẹ̀rọ ní ojú rẹ̀ kò bá àwòrán mu. Ẹgbẹ́ awakọ̀ rẹ̀ dúró tì í, ó pe ẹjọ́, ó sì di 2024 kí ó tó gba owó ìtánràn. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ ńkọ́?

Ohun tí ó bà wá lẹ́rù jù ni iná. Ní 1911, ní New York, òṣìṣẹ́ 146 kú nínú iná ilé-iṣẹ́ aránṣọ Triangle. Ilẹ̀kùn kan tí wọn ì bá gbà jáde wà ní títì, nítorí ìbẹ̀rù olè. Ní 2002, ní Ìkòròdú tiwa níhìn-ín, iná jó ilé-iṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ ṣòfò lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Lónìí, wọ́n tún ní nítorí olè ni a ṣe nílò kámẹ́rà. Kí wọ́n ṣọ́ ẹrù wọn, a kò kọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí kò fi ní ṣeé tètè ṣí láti inú. Bí èéfín bá bo kámẹ́rà, tí iná mànàmáná sì lọ, ta ni yóò bá wa bẹ ilẹ̀kùn?

A kò bá ẹ̀rọ jà. Ilẹ̀kùn tí ó rí arúgbó tí ń fi ọ̀pá rìn, tí ó sì dúró dè é, a kí i káàbọ̀. Èyí tí ó sọ ara rẹ̀ di adájọ́ ni a kọ̀. Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí:

1. Kí gbogbo ilẹ̀kùn ṣeé fi ọwọ́ ṣí láti inú, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.
2. Kí ènìyàn tí ó ní kọ́kọ́rọ́ wà ní ẹnu géètì ní gbogbo ṣíìfù.
3. Kí wọ́n má ṣe yọ kọ́bọ̀ lówó òṣìṣẹ́ nítorí àṣìṣe ẹ̀rọ.
4. Kí wọ́n má ṣe ya ojú wa pamọ́ láìbá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 fún wa ní ẹ̀tọ́ lórí èyí.

Ẹni tí ilẹ̀kùn bá tì síta, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ó mú un wá fún akọ̀wé ẹ̀ka. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ènìyàn ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ojú kámẹ́rà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!