Ta Ni Yóò Kọ Orin Igbó Wa?

Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a dákẹ́ lé lórí. Ní ilẹ̀ Norway, ní nǹkan bí ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé orin kan dìde tí a ń pè ní black metal. Gìtá rẹ̀ a máa hó bí ìjì, olórin rẹ̀ a sì máa bú ramúramù. Ní 1994, Varg Vikernes, tí orúkọ orin rẹ̀ ń jẹ́ Burzum, gbé àwo Hvis lyset tar oss jáde. Òun nìkan ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu gbogbo ohun èlò inú rẹ̀. Iṣẹ́ Theodor Kittelsen, ayàwòrán ilẹ̀ náà tí ó kú ní 1914, ni ó wà lára àpò àwo náà. Igbó, òkè, àti ìgbà tí Ìgbàgbọ́ kò tíì dé ilẹ̀ wọn ni irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ fi ń yangàn.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ràn igbó baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yìí di ìkórìíra. Ní 6 June 1992, a dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì onígi Fantoft ní Bergen, a sì sun òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1994, ilé ẹjọ́ dá Vikernes fúnra rẹ̀ lẹ́bi ìpànìyàn àti sísun ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, tí a sunkún àwọn tí a pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 June 2022, kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni pe ogun sí ilé àdúrà ní ìfẹ́ àṣà.

Síbẹ̀, àṣìṣe kejì wà nílé. Àwọn oníwàásù kan ń sọ pé ìbọ̀rìṣà ni ìjálá, kí ọdẹ tí ó ti di onígbàgbọ́ má ṣe sun ún mọ́. Kí ni ìjálá? Ẹnì kan ṣoṣo a gbé ohùn sókè, a ki erin, a ki ẹfọ̀n, a ki àgbọ̀nrín àti igi. Lóòótọ́, àwọn ọmọ Ògún ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ni ó kún inú rẹ̀. Ṣé Onísáàmù kò ki kédárì àti ewúrẹ́ igbó nínú Sáàmù 104? Láti 1966 ni ìwé Adébóyè Babalọlá ti fi han ayé pé ewì gidi ni ìjálá. Ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, nígbà ọdún Ìgógó tí a fi ń rántí Orònsẹ̀n, ìlù a dákẹ́, agogo a sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ọmọ tí ó rò pé ariwo nìkan ni orin.

Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín: láti Arimogija títí dé Ìfọ̀n, kí a pe àwọn àgbà ọdẹ, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀, kí àwọn olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, kí àwọn ọmọ ilé ìwé fi díje. Kí ẹ̀yin ìjòyè sì dúró ti igbó ọba tí ó kù, nítorí ta ni yóò ki àgbọ̀nrín fún ọmọ tí kò rí i rí? Ẹni tó sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Bí a kò bá fi orin ilé sẹ́nu ọmọ wa, orin àlejò ni yóò gbà, pẹ̀lú ìbínú tí ó wà nínú rẹ̀.