Irọ́ Ni Pé Ilé Tó Lágbára Kì Í Mì

"Ilé tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kì í mì." Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Èkó ń gbọ́ ọ lẹ́nu agẹ́ǹtì, ayálégbé ń gbọ́ ọ lẹ́nu lánlọ́ọ̀dù, bíríkìlà ń fi í yangàn. A gbà á gbọ́ débi pé ẹni tó bá sọ pé òkè ilé mì díẹ̀ nígbà tí ìjì jà, ojú ẹni tó fẹ́ ba ọjà ilé jẹ́ ni wọ́n á fi wò ó. Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí láti sọ pé irọ́ ni, irọ́ tó sì ń ṣekú pa èèyàn ni.

Kò sí ilé kankan láyé tí kì í mì. Láàárọ̀, oòrùn á pa ẹ̀gbẹ́ kan ilé gíga, ẹ̀gbẹ́ náà á gbóná, á gùn díẹ̀ sí i, orí ilé á sì tẹ̀ sí òdìkejì. Bí oòrùn bá yí, ìtẹ̀sí náà á yí pẹ̀lú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń tì í, ẹrù inú rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń mu omi lójò, ó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ wo Burj Khalifa ní Dubai, tó ga ní mítà 828, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, orí rẹ̀ kì í dúró sójú kan fún àwọn awọnlẹ̀. Ẹ̀rọ GPS ni wọ́n gbé sókè níbi tí iṣẹ́ dé, wọ́n sì fi ẹ̀rọ mìíràn tó ń ka ìtẹ̀sí kún un, kí wọ́n lè mọ bí ilé ṣe tẹ̀ tó ní wákàtí yẹn kí wọ́n tó da kọnkéré tó kàn. Àwọn tó kọ́ ilé tó ga jù láyé kò sọ pé ilé àwọn kì í mì. Wọ́n wọ̀n ọ́n.

Kì í ṣe ilé nìkan ló ń mì, afárá náà ń mì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1987, ìlú San Francisco ṣe àjọ̀dún 50 ọdún afárá Golden Gate. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró kí àwọn èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Èrò tó rọ́ wá tó nǹkan bí 300,000, ààrin afárá náà, tó máa ń yọ sókè, sì wálẹ̀ ní nǹkan bíi mítà méjì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí èrò túká, afárá padà sípò rẹ̀, ọkọ̀ sì ń gba orí rẹ̀ kọjá títí dòní.

Kò dìgbà tí a bá rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gba Third Mainland Bridge ní Èkó lọ síbi iṣẹ́ mọ ìró gbì, gbì tí táyà ń ṣe lórí àwọn irin tó dábùú ọ̀nà. Oríkèé afárá nìyẹn. Àwọn tó kọ́ ọ fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí wọ́n mọ̀ pé kọnkéré á gùn bí oòrùn bá mú, á sì súnkì bí ilẹ̀ bá tutù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń ti apá kan afárá yìí láti oṣù Keje 2020 wọ ọdún 2021, àwọn oríkèé wọ̀nyí wà lára ohun tí wọ́n pààrọ̀. Ẹni tó bá ní afárá tó dára kì í mì, àwọn tó kọ́ ọ gan-an ló ń bá jiyàn.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa béèrè ni pé: bí ilé ṣe ń lọ yìí, ṣé ó ń padà? Ilé tó ń lọ tó ń bọ̀ wà ní àlàáfíà. Èyí tó ń lọ, tó ń lọ, tí kì í bọ̀, òun ni ká sá fún. Millennium Tower ní San Francisco, alájà 58, tí wọ́n parí ní 2009, irú rẹ̀ ni. Òpó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dé orí àpáta. Nígbà tó fi máa di 2016, ó ti rì ní nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ti tẹ̀ sápá kan. Kódà àwòrán rédà tí sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù yà láti òfuurufú rí i bó ṣe ń rì. Ilé náà kò wó, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n jà lórí rẹ̀ ní gbangba, wọ́n sì ri òpó mìíràn mọ́lẹ̀ títí ó fi kan àpáta.

Níbi tiwa ńkọ́? Nítorí a gbà pé ilé tó dára kì í mì, lánlọ́ọ̀dù tó bá rí i pé ògiri ti sán á fi í pamọ́. Á ránṣẹ́ pe bíríkìlà kó fi sìmẹ́ńtì dí i, kó kùn ún lọ́dà, ó parí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó kú. Lẹ́yìn tó wó tán la gbọ́ pé ìjọba ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Àmì ọ̀dà lára ògiri kò lè sọ fún ìyá ọmọ pé ilé yìí tẹ̀ lóṣù yìí ju bó ṣe tẹ̀ lóṣù tó kọjá. Nọ́ńbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì ní nọ́ńbà kankan.

Ẹlòmíràn á ní: "Fóònù mi ń sọ pé òdìkejì títì ni mo wà nígbà tí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Ṣé GPS yìí náà ló máa sọ fún mi pé ilé mi fi mìlímítà díẹ̀ yẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà lókè ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200, wọ́n ń ta ìgbì rédíò sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ìgbì náà gbé wá ni fóònù ń kà, àṣìṣe mítà mélòó kan kò sì ṣe ẹni tó ń wá ilé ọ̀rẹ́ ní nǹkan. Ìgbì náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ àwọn awọnlẹ̀ ń wọ̀n. Gígùn ìgbì kan jẹ́ nǹkan bíi 19 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀rọ náà sì lè mọ ibi tó kà á dé nínú rẹ̀ títí dórí mìlímítà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń lò: ọ̀kan lórí ilẹ̀ tí kì í yẹ̀, òun ni atọ́ka, ìkejì lórí ilé. Bí wọn kò bá jìnnà síra, àṣìṣe tí òfuurufú ń kó bá ìgbì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fún àwọn méjèèjì. Bí a bá yọ tọ̀kan kúrò nínú tìkejì, àṣìṣe náà lọ, ìrìn ilé ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú Hong Kong ṣe to ẹ̀rọ GPS sórí afárá Tsing Ma, tí àlàfo ààrin rẹ̀ jẹ́ mítà 1,377, àti sórí àwọn afárá méjì tó wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n ń ka ìrìn wọn lọ́sàn-án lóru, ìjì ìbáà jà.

Nàìjíríà pàápàá ti ní ibi tó lè ti bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì Surveyor-General ìjọba àpapọ̀ ti ri àwọn ibùdó GPS mọ́lẹ̀ káàkiri ìlú, NIGNET ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan sì wà ní Yunifásítì Èkó. Ìṣọ́ra kan wà níbẹ̀ ṣá. Àwọn onímọ̀ tó fi rédà sátẹ́láìtì wo Èkó ti rí i pé apá ibì kan ń rì. Bí ilẹ̀ tí ẹ̀rọ atọ́ka wà lórí rẹ̀ bá ń bá ilé rì, ilé náà á dà bí ẹni pé kò kúrò lójú kan. Ó yẹ kí wọ́n máa fi atọ́ka Èkó wé èyí tó wà lórí ilẹ̀ olókùúta, láti ìgbà dé ìgbà.

N kò ní tàn yín. GPS kò rí inú kọnkéré; kò mọ̀ bóyá wọ́n jí sìmẹ́ńtì, tàbí wọ́n lo irin tó tín-ín-rín. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni. N kò ní sọ pé ẹ̀rọ yìí ì bá gba àwọn tó wà nínú rẹ̀ là. Ẹ̀rọ náà fẹ́ rí ojú ọ̀run, torí náà orí òrùlé ni ààyè rẹ̀, kì í ṣe inú àdúgbò tóóró tí ilé ti fara kan ilé. Ohun tó ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló tún máa ń rí dáadáa ju èyí tó ń rì lọ. Fún ilé alájà kan tàbí méjì, kí awọnlẹ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Kò tún yẹ kí á dúró dìgbà tí ògiri bá sán. Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá rẹ nígbà tí ara rẹ le ló lè mọ̀ pé tòní ti ga jù. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé gíga ni kí ìwọ̀n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin Èkó nìyí: kí ìwọ̀n yìí di òfin fún gbogbo ilé gíga àti gbogbo afárá gígùn, kí nọ́ńbà náà wà níbi tí aráàlú lè kà á, kó má sì jẹ́ onílé nìkan ni yóò máa pa á mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba fúláàtì lájà kẹwàá, bí agẹ́ǹtì bá ní ilé òun kì í mì, ẹ bi í pé ibo ló ń tẹ̀ sí, báwo ló ṣe ń tẹ̀ tó, ṣé ó sì ń padà. Bí kò bá ní ìwé tó máa fi dáhùn, ẹ má tíì san kọmíṣọ́ọ̀nù.