Etí Ọ̀gá, Etí Ẹ̀rọ

Ní ilé-iṣẹ́ àwọn jórin-jórin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Pobẹ̀ sí Kétu, kò ṣọ̀wọ́n láti rí ọ̀gá tó kẹ̀yìn sí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, tó ń bá oníbàárà dúnàádúrà lọ́wọ́, tí yóò sì ké láìwẹ̀yìn pé: «Sún ọwọ́ rẹ mọ́ ọn!» Kò rí iná náà. Ó gbọ́ ọ ni. Nígbà tí ọwọ́ bá wà níbi tó yẹ, iná a máa dún bí ẹran tí a ń dín nínú epo gbígbóná. Bí ọwọ́ bá jìnnà jù, ohùn náà a yí padà, iná a sì máa ta pàràpàrà káàkiri. Bí ó bá súnmọ́ jù, bàgẹ́ẹ̀tì a lẹ̀ mọ́ irin. Ọmọ-iṣẹ́ a gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ti wo àwòrán ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí fóònù bi mí léèrè pé: «Monsieur, ǹjẹ́ ó tún yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi máa kọ́ iṣẹ́ ìjórin, nígbà tí apá irin lè dá a ṣe láìsí ènìyàn nídìí rẹ̀?» Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré, nítorí owó ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀gbọ́n náà ti inú oko ẹbí wá. Ṣùgbọ́n kí a tó dá a lóhùn, ó yẹ kí a mọ bí apá irin náà ṣe ń mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé.

Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ kò mọ̀ ọ́n rárá. Unimate, èyí tí General Motors kọ́kọ́ lò ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní New Jersey ní ọdún 1961, kàn ń tún ohun kan náà ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Ó ń gbé irin gbígbóná láti ibìkan sí ibòmíràn. Fún ẹrù gbígbé, àtúnṣe bẹ́ẹ̀ tó. Fún ìjórin, kò tó. Irin kì í dúró sójú kan: bí iná bá ti kàn án, a máa tẹ̀, a máa wú, a sì máa fà. Páànù méjì tí a gé lọ́jọ́ kan náà kì í rí bákan náà. Bí tọ́ọ̀ṣì ìjórin, tí àwọn Faransé ń pè ní la torche, bá yà kúrò lójú àsopọ̀ ní mílímítà méjì péré, irin yíyọ́ yóò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lójú, yóò dán gbinrin. Nínú, kò mú. Àbùkù tó burú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, àbùkù tí ojú kò rí.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i dùn mọ́ mi nínú gan-an, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Rọ́bọ́ọ̀tì kì í sábà lo bàgẹ́ẹ̀tì. Wáyà tín-ínrín ló ń lò, èyí tó ń jáde lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì láìdúró, ní ìwọ̀n ìyára kan náà. Iná mànàmáná ń gba ẹnu bàbà inú tọ́ọ̀ṣì wọ inú wáyà, ó sì ń fò láti ṣóńṣó wáyà sí ara irin. Bí tọ́ọ̀ṣì bá jìnnà sí irin, apá wáyà tó yọ síta yóò gùn sí i. Wáyà gígùn a máa dènà iná ju wáyà kúkúrú lọ. Ìṣàn iná, èyíinì l'intensité, yóò sì dínkù. Bí tọ́ọ̀ṣì bá súnmọ́ irin, ìṣàn náà yóò pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti ka ìṣàn iná ti mọ bí tọ́ọ̀ṣì ṣe jìnnà tó, láìlo ojú, láìlo rúlà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì náà máa mì sọ́tùn-ún sósì bí ó ti ń lọ síwájú, nínú kòtò tó rí bíi lẹ́tà V níbi tí irin méjèèjì ti pàdé. Ní àárín kòtò, ìsàlẹ̀ jìn, ìṣàn a lọ sílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ògiri irin yọ sókè pàdé rẹ̀, ìṣàn a gòkè. Bí ti ọ̀tún àti ti òsì bá dọ́gba, a jẹ́ pé àárín gan-an ló wà. Bí ti òsì bá ga ju ti ọ̀tún lọ, ó ti yà sósì, ẹ̀rọ yóò sì fà á padà sọ́tùn-ún díẹ̀. Bí ìṣàn náà lápapọ̀ bá wálẹ̀ ju iye tí a yàn fún un lọ, tọ́ọ̀ṣì ti ga jù, ẹ̀rọ yóò rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó dà bí afọ́jú tó ń fi ọ̀pá kan ògiri ọ̀tún àti ògiri òsì nínú ọ̀nà tóóró. George Cook, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ èyí di ohun tí ẹ̀rọ lè lò. Ọdún 1982 ni ó gba ìwé-àṣẹ olùṣẹ̀dá lórí rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ojú tuntun kankan tí a fi kọ́ ara rọ́bọ́ọ̀tì. Iná tó ń ṣiṣẹ́ ni ojú rẹ̀, iná kan náà tí ọ̀gá wa ń fetí gbọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà. Nínú ìjórin tí a ń pè ní TIG, ìṣàn iná ni kì í yí padà. Ipá iná, la tension, ni yóò gòkè bí tọ́ọ̀ṣì bá jìnnà, òun náà sì ni ẹ̀rọ ń ṣọ́. Bí páànù bá tín-ínrín gan-an, tí kòtò kò sí, ògiri kò sí tí ẹ̀rọ yóò kàn. Wọ́n a wá tan ìlà ìmọ́lẹ̀ lésà síwájú tọ́ọ̀ṣì, kámẹ́rà a sì máa wo ibi tí ìlà náà ti ṣẹ́. Èyí ṣe déédéé, ṣùgbọ́n ó wọ́n, èéfín àti iná tó ń ta pàrà sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ibo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wúlò nítòsí wa? Ní Sẹ̀mẹ̀-Kpodji, ní ìsàlẹ̀ wa létí òkun, ni ọ̀pá epo rọ̀bì tó ti Agadem ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r bọ̀ parí sí. Ó gùn tó nǹkan bí 2000 km. Ọkọ̀ ojú omi kìn-ín-ní gbé epo níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Bí ẹyọ ọ̀pá kan bá gùn ní 12 m, bí ó ti sábà máa ń rí, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: oríkèé tó lé ní 160 000. Bí ọ̀kan ṣoṣo kò bá mú, epo á dà sóko olóko. Irú àsopọ̀ tó jọra wọn lọ bẹẹrẹbẹ báyìí ni ẹ̀rọ bá mu: wọ́n lè de irin mọ́ ọ̀pá yíká, kí tọ́ọ̀ṣì máa rìn lórí rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìfúnpo tiwa ńkọ́? Láti ọdún 1922 tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀ títí di òní, epo pupa ni àgbègbè yìí fi ń jẹun. Ẹ̀rọ tí jórin-jórin wa kan ṣe fún àwọn obìnrin tó ń fún epo ní Ìsàbà kò jọ èyí tí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe fún àwọn ará Ìgànnà. Bí ó bá ya nígbà tí ẹyìn pọ̀, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ẹ. Kí a tó kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ní ibi tó ya, kí a tó de irin náà mọ́lẹ̀ fún un, ọ̀gá ti parí iṣẹ́, ó ti gbowó rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn pé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa kọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n mo fi ohun méjì kún un. Èkíní ni ìbòjú, kí ó sì máa jórin níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́: ní ọdún 2017, àjọ àgbáyé tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Lyon, CIRC, fi èéfín ìjórin sí ara àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Bí mo bá ń jowú rọ́bọ́ọ̀tì fún ohunkóhun, kò ju pé kò ní ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Èkejì kan èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ni ní PCT. Òfin Ohm tí ọ̀gbẹ́ni ará Jámánì náà tẹ̀ jáde ní 1827 ni rọ́bọ́ọ̀tì fi ń mọ ọ̀nà. Àwọn ọmọ wa ń kà á bí ẹni ń ka àdúrà, U dọ́gba pẹ̀lú R lọ́nà I, wọn kò sì mọ̀ pé ó ń dún létí wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọjá níwájú ilé-iṣẹ́ jórin-jórin. Ọmọ-iṣẹ́ ní tirẹ̀ ń gbọ́ ohùn náà, kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní méjèèjì ni wọn yóò pè wá dúró ti ẹ̀rọ nígbà tí ẹ̀rọ bá dé.

Ọ̀gá kan ti gbà fún wa. Lẹ́yìn ìsinmi, kíláàsì mi yóò gbé voltmètre lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀, tí yóò sì jó irin, àwa yóò dúró lókèèrè tàwa ti ìbòjú. A ó ní kí ó gbé bàgẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan yóò máa kọ nọ́ńbà tó yọ sílẹ̀. Àwọn yòókù yóò kẹ̀yìn sí iná, wọn yóò sì na ọwọ́ sókè nígbàkigbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ohùn yí padà. N ó tẹ àkọsílẹ̀ méjèèjì jáde nínú abala yìí.