Ìníṣà Kì í Ṣe "Ìní?à"

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún ìlú. Nítorí náà ni a ṣe ń pe ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo kí ẹ wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń fi orúkọ wa ṣe.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Àtẹ nọ́ńbà kan wà tí a ń pè ní Latin-1, tí a ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Kò ní ju ààyè 256 lọ. Ì àti ù wà nínú rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Bí akọ̀wé bá kó orúkọ ìlú wa mẹ́ta sínú àtẹ yìí, Ìkìrun yóò kọjá láìfarapa, Òkukù yóò kọjá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Ìníṣà yóò di Ìní?à.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìbàjẹ́ yìí ń gbà dé, wọn kò sì burú bákan náà. Bí ẹ bá rí áº¹ ní ipò lẹ́tà ẹ, ẹ má fòyà: nọ́ńbà náà ṣì pé, àtẹ tí a fi kà á ni kò bá a mu. Bí ó bá jẹ́ àmì ìbéèrè, lẹ́tà ti sọnù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti jẹ́wọ́. Èyí tí ó burú jù lọ ni kí ẹ̀rọ já àmì sílẹ̀ láìwí fún ẹnikẹ́ni: ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ yóò di owo, olùkàwé yóò sì rò pé owó ni. Irọ́ ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ gbà á.

Àwọn kan ń wí pé èdè wa ni ó nira. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti ní ààyè tiwọn nínú Unicode, àtẹ tí gbogbo ayé jùmọ̀ ń lò. Ọ̀lẹ ni ó kù.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: kí a fi UTF-8 tọ́jú orúkọ gbogbo, kí ẹ̀rọ tí kò bá mọ lẹ́tà kan dúró, kí ó sì fi ibẹ̀ hàn, kí a má sì ṣe da ìwé àkọ́kọ́ nù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yẹ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ yín wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá sì wá tọrọ ìbò ní Ìníṣà, ẹ bi í bóyá ìwé ìjọba yóò lè kọ orúkọ ìlú náà pé.