KÍ ILÉ IṢẸ́ IRIN TÓ DÉ, KÍ KANKÉRÉ KỌ́KỌ́ ṢE ÌDÁNWÒ

Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Ìpògùn níbí, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Kí wọ́n ṣáà gbé ilé iṣẹ́ irin kan wá sí ọ̀dọ̀ wa." Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ẹni tó bá máa gbé e wá: ta ló máa dán kankéré àti irin tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ wò?

Ilé iṣẹ́ irin kì í ṣe ilé gbígbé. Omi ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n irin kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bí 1,500°C. Kréènì ló máa ń gbé irin yíyọ́ yẹn kiri nínú ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ wà. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, bí rọ́ọ̀dù bá tín-ín-rín ju èyí tí ẹnjiníà kọ sílẹ̀, tàbí tí wẹ́dà ò bá jó irin pọ̀ dáadáa, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó láti pa èèyàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2007, ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Tieling, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ìkòkò ńlá tí irin yíyọ́ wà nínú ẹ̀ já bọ́ lára kréènì, ó sì pa òṣìṣẹ́ 32. Ìwádìí fi hàn pé kréènì ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tó yẹ kí wọ́n fi gbé irin yíyọ́ rárá.

Ìdánwò náà kò ṣòro ṣe. Bí wọ́n bá po kankéré, wọ́n á bu díẹ̀ sínú àpótí kékeré tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 mm. Tó bá ti gan, wọ́n á rì í sínú omi. Ní ọjọ́ keje, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ díẹ̀ fọ́ kí wọ́n lè mọ agbára tó ní. Wọ́n á tẹ ìyókù ní ọjọ́ 28. Rọ́ọ̀dù ńkọ́? Wọ́n á gé nínú ẹ̀, ẹ̀rọ á máa fà á títí á fi já.

Ẹni tó ń máàkì gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwa tí à ń múra WAEC mọ̀ pé ẹni tó jókòó ṣe ìdánwò kọ́ ló ń máàkì ìwé ara ẹ̀. Kí ló wá dé tí agbaṣẹ́ṣe á ní kankéré òun dára, tí a ó sì gbà á bẹ́ẹ̀? FUTA wà ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n sì ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa irin àti àwọn ohun èlò. Irú wọn ló yẹ kó máàkì.

Èsì tí wọn ò bá sì tẹ̀ lé, asán ni. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí, l'Ékòó, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, pa èèyàn tó lé ní 40. Àwọn aláṣẹ sọ pé àwọn ti ti ibẹ̀ pa rí lọ́dún yẹn kan náà nítorí àléébù. Síbẹ̀, wọ́n tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹlòmíì á ní ìdánwò ń náni lówó, ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, iṣẹ́ sì ni àwọn ọ̀dọ́ ń wá. Òótọ́ ni pé owó ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 ò tó oṣù kan. Ta ló sì máa wà lábẹ́ kréènì yẹn? Àwa tí a wà ní SS2 lónìí ni, àti àwọn àbúrò wa.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ irin bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, kí wọ́n lẹ èsì ìdánwò mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń lẹ tiwa mọ́ bọ́ọ̀dù, kí bàbá àti ìyá wa lè rí i. Kankéré tó bá sì fèèlì, kí wọ́n wó o, kí wọ́n tún un pò.

— Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn