Gbèsè Ìjọba Kì í Ṣe Gbèsè Òṣìṣẹ́



Ìbẹ̀rù wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó wà ní ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ìjọba bá ń sanwó, àwọn ọ̀gá ni wọ́n mọ iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí ìjọba bá jẹ gbèsè, òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ṣojú wa. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ pín iṣẹ́ títún ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ṣe: Julius Berger gba láti Èkó dé Ṣàgámù, RCC gba láti Ṣàgámù dé Ìbàdàn. Nígbà tó di àárín 2014, owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Àgbá kan tó ti ju 100 dọ́là lọ kò tó 30 dọ́là mọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ìjọba kò rówó san fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, iṣẹ́ ojú ọ̀nà falẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìkọ́lé káàkiri Nàìjíríà sì padà sílé. Ti Julius Berger wà lára wọn. Ta ni nínú àwọn tó ń po kọnkéré tàbí tó ń wa tírélà ló jókòó níbi tí wọ́n ti ń dá owó lé epo?

Àwọn ọ̀gá á ní: “Ìjọba kò sanwó, kí la fẹ́ fi san tiyín?” Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin ìgbaṣẹ́ṣe ìjọba ti ọdún 2007 sọ pé bí owó agbaṣẹ́ṣe bá pẹ́ ju 60 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tó ti fi ìwé owó sílẹ̀, kí ìjọba san èlé lé e gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn. Kì í ṣe gbogbo agbaṣẹ́ṣe ló ń rí èlé yìí gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Èlé dà fún dírẹ́bà tí owó oṣù rẹ̀ pẹ́ oṣù mẹ́ta? Onílé kò dúró dè é, ilé ìwé ọmọ kò dúró dè é. Ẹni tó jẹ èrè lọ́dún ọ̀pọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ ru àdánù lọ́dún ọ̀dá.

A kò sọ pé kí ilé iṣẹ́ kan ṣe ohun tí apá rẹ̀ kò ká. Bí iṣẹ́ bá tán lóòótọ́, ó tán náà ni. Ṣùgbọ́n Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 ti la ọ̀nà rẹ̀ ní abala 20. Èkíní, kí ọ̀gá sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìdí tó fi fẹ́ dín èèyàn kù àti iye ẹni tó kàn. Èkejì, ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, bí wọ́n bá ti wo ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti ìwà olúkúlùkù. Ẹ̀kẹta, kí ó sapá láti bá wọn jíròrò lórí owó tí ẹni tó ń lọ yóò gbà. Ẹni tó bá sì ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni ìkìlọ̀ tó tọ́ sí i. Lílẹ orúkọ mọ́ géètì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò sí nínú òfin.

Àwọn kan á ní kí ẹni tí wọ́n bá dá dúró padà sí Ibefun lọ gbin ẹ̀gẹ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í ṣe ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a bá gbìn lónìí, ó tó bí ọdún kan kó tó di gàrí, kí ni ìdílé yóò jẹ kó tó dìgbà náà?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka mìíràn, ẹ má wò wọ́n níran. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ohun tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè nìyí: kí wọ́n kọ́kọ́ gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ẹ̀ka tí iṣẹ́ wà, kí wọ́n má ṣe máa fún ẹ̀ka kan ní ófátáìmù nígbà tí wọ́n ń lé ẹ̀ka kejì lọ sílé, kí wọ́n má sì fi kóńtíráàtì oṣù díẹ̀ gba ẹlòmíràn sípò ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Kí gbogbo àdéhùn wà nínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Wọ́n ti Nigeria Airways pa ní 2003. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń retí owó wọn títí di 2018, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san apá kan. Àwọn mìíràn ti kú kó tó dé.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín jáde, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí fóòmù tí ẹ kò kà. Bí wọ́n bá pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan sí ọ́fíìsì, ẹ ní kí aṣojú ẹgbẹ́ bá yín wọlé. Ẹyọ igi ló rọrùn láti dá. Ìdì igi kò ṣeé dá lórúnkún.